Marva àti Ìyá Ọkọ Rẹ̀ Ń Lọ sí Òkú-Màlúù

Bí ẹ bá dé ìlú Kobler, ní àríwá Nevada, tí ẹ ń wá Marva Pruett, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ojúlé. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹun rí nílé-ìwé ìlú náà. Obìnrin yìí ló ń dáná fún wọn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pọ́n bí ata. Ìkòkò ńlá ti sọ apá rẹ̀ di apá alágbẹ̀dẹ, ẹnu rẹ̀ ò sì kéré sí apá rẹ̀. Bó bá pariwo lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọmọ tó ń ti ara wọn níwájú oúnjẹ á tò gbọnrangandan. Ibì kan ṣoṣo ni ẹnu náà ti máa ń kú, ìyẹn níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

Màmá Idonna ni wọ́n ń pe ìyá ọkọ yìí. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó gbẹ bí igi ìdáná, ó sì ń fa sìgá bí ẹni pé dókítà ló ní kó máa lò ó. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti wá ń gbé lọ́dọ̀ Dorrell ọmọ rẹ̀ àti Marva, ó sì gba àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí ọba ṣe ń gba ìtẹ́. Òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ kì í jà. Ìbá tiẹ̀ sàn kí wọ́n máa jà. "Ẹ káàárọ̀ mà," "Káàárọ̀," ó parí. Wọ́n ń rìn yí ara wọn ká bí ológbò méjì tí wọ́n tì mọ́nú yàrá kan.

Lójú Marva, ẹja ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti ń yọ́ lórí òkè, Dorrell àti Lyle Echave ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò ìrìn-àjò sí Òkú-Màlúù. Omi dáàmù ni Òkú-Màlúù. Àárín aṣálẹ̀ ló wà, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí tipẹ́tipẹ́, tí fóònù ò ti ń dún, tí kò sí ilé, tí kò sí igi, àfi koríko eléwé eérú títí dé ìdí òkè. Dorrell ń ta páìpù, Lyle ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ìpàdé wọn á rò pé orílẹ̀-èdè kan ni wọ́n fẹ́ gbógun tì. Wọ́n á tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ. Wọ́n á pàgọ́ sí pálọ̀ láti wò ó bóyá eku ti jẹ ẹ́, ajá á wọnú rẹ̀ lọ tọ̀ sí i. Wọ́n á jiyàn lórí ìwọ̀, wọ́n á jiyàn lórí táyà, wọ́n á jiyàn lórí ẹni tó gbàgbé ìṣígolo, irin tí wọ́n fi ń ṣí agolo, lọ́jọ́sí. Orí bíà nìkan ni wọ́n ti máa ń fẹnu kò kíákíá.

Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀. Imú wọn á ti bó bí ọ̀dùnkún sísè, ara wọn á máa rùn bí abẹ́ ọkọ̀, wọ́n á sì gbé ẹja tíráòtù wọlé bí ẹni tó gé orí ọ̀tá bọ̀ láti ojú ogun. Marva á yí ẹja náà nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, á fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ dín in títí á fi máa ró kẹrẹkẹrẹ lẹ́nu. Gbogbo ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló ń lá ìka. Màmá Idonna nìkan ló máa ń fi ìka kan ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn.

"Mi ò jẹ ìyẹn," á ní. Á gba búrẹ́dì àti ẹyin. Kò ní sọ ìdí.

Ọdún ń gorí ọdún, àwo tí wọ́n ń tì sẹ́yìn yìí di egungun lọ́nà ọ̀fun Marva. Obìnrin tí ìlú odindi ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, tí ìyá ọkọ rẹ̀ wá ń wo ẹja rẹ̀ bí ẹni ń wo ìgbẹ́ ajá! Kò bèèrè. Ó ń dijú ni, ó ń fọ àwo.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, orúnkún Dorrell yẹ̀. Ẹ má rò pé iṣẹ́ akọni ló ń ṣe o. Tòlótòló aládùúgbò ló lé e lórí yìnyín. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gun ohunkóhun tó ga ju bẹ́ẹ̀dì lọ títí ìgbà ooru á fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Ó nà gbalaja sórí àga gígùn ní pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí tìmùtìmù, Lyle jókòó tì í, ó di fìlà rẹ̀ mú bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

"Ọdún tó ń bọ̀ ò kúkú jìnnà," Lyle wí.

"Ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀!" Omi lé ròrò sójú Dorrell. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò sunkún tó bẹ́ẹ̀. "Omi ti fà lọ́dún yìí, Lyle! Gbogbo ẹja á ti kóra jọ sétí àpáta pupa. Síbí lásán lèèyàn á fi máa bù wọ́n!"

Marva ń gé àlùbọ́sà ní ilé ìdáná. Ó gbọ́. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó yọjú.

"Èmi á lọ."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Dorrell rẹ́rìn-ín títí orúnkún fi dùn ún, ó ní "Yéè!", ó tún rẹ́rìn-ín sí i. Ká ní wọn ò rẹ́rìn-ín ni, ì bá ti padà sídìí àlùbọ́sà rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, bí ìgbà téèyàn ní òun á lọ sínú oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn gún un. Ó fa àga kan, ó jókòó.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú," Lyle ní. "Ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi tí wọ́n ń mú obìnrin lọ."

"Kí ló dé? Ṣé àwọn ẹja ibẹ̀ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní rí obìnrin sójú?"

"Marva," Dorrell wí, "ẹnì kan kì í dá lọ síbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rì, o ti kú nìyẹn. Òfin ni."

"Lyle á bá mi lọ."

Jìnnìjìnnì bo Lyle. "Èmi kẹ̀? Kí èmi àti ẹ̀yin jọ lọ sùn ní aṣálẹ̀? Ká tó débi ọ̀nà ọlọ́dà ti parí, Kobler á ti bímọ fún wa, wọ́n á ti sọ ọ́ lórúkọ. Ìyàwó mi á sì ti kó ẹrù mi síta."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé tí èéfín sìgá fi rú láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Èmi á bá a lọ," Màmá Idonna wí.

Dorrell gbórí sókè lórí àga rẹ̀.

"Màmá," Dorrell rọra sọ, "ẹ ti lé lọ́gọ́rin."

"Ṣé mo ní kó pọ̀n mí ni?"

Marva tó fẹ́ rí ibi kan tí kò sí ẹni tó máa bi í pé kí la fẹ́ jẹ, tí kò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni bí ó ti wù kó kéré mọ, òun ni wọ́n wá so ìyá ọkọ mọ́ lọ́rùn yìí. Ó fẹ́ ní rárá. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbójú sókè, ó rí i tí Lyle ń fi fìlà bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ mà," ló wí. "Àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

Láti ọjọ́ yẹn, Dorrell sọ ara rẹ̀ di ọ̀gágun orí àga. Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ ń nawọ́ sí gbogbo nǹkan: gbé tibí, ká tọ̀hún, jáàkì dà, ṣéènì dà, epo inú jẹrikáànì ńkọ́? Marva ń gbé, ó ń ká. Ó ní kí wọ́n gbé omi mímu lọ, odidi àgbá kan, nítorí omi tí màlúù ń tọ̀ sí ò lè wọ kọfí òun. Ó kó ọ̀dùnkún, àlùbọ́sà, ìyẹ̀fun, béékìn, àti páànù irin tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Dorrell fajú ro.

"Àwa méjèèjì, ẹ̀wà inú agolo la máa ń jẹ níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ojú fèrèsé ni mo máa ń ṣí sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó tẹ́ ẹ bá dé."

Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó mú kí àwọn akọni méjèèjì máa wo ilẹ̀.

"Ilé ìyàgbẹ́ ibẹ̀ ńkọ́?"

Lyle wúkọ́. Dorrell yọ òwú lára tìmùtìmù.

"A máa ń mú ṣọ́bìrì dání," Lyle wí nígbà tó yá.

"Ṣọ́bìrì wo?"

"Èyí tó wà ní gáréèjì. Èyí tí èèkù rẹ̀ pupa yẹn."

Marva dìde dúró. "Èyí tí mo fi ń gbin tòmátì?"

 Níbi fèrèsé, nǹkan kan ró bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò da epo sí: Màmá Idonna ń rẹ́rìn-ín. Marva ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ.

"Ìdí nìyẹn tí tòmátì rẹ fi ń tóbi," ìyá náà wí.

Ọ̀rọ̀ àgọ́ ló tún yọ. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin méjèèjì lọ pa á ní ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Màmá Idonna jókòó sórí kúlà, àpótí tí wọ́n ń tọ́jú oúnjẹ tútù sí, ó ń fi sìgá pàṣẹ, Marva ń ti irin bọ aṣọ, ó ń bú ẹni tó ṣe é. Àgọ́ náà dìde lóòótọ́, ó dúró dáadáa. Ni afẹ́fẹ́ ọ̀sán Kobler bá dé. Ó gbé àgọ́ náà nílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó gbé e fo ọgbà, ó lọ jù ú sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí àwọn akọrin ti ń dánrawò. Orin dúró ṣíkún. Kò pẹ́ tí Pásítọ̀ Skaggs fi yọ, ó ń wọ́ àgọ́ bọ̀, ewé ti há sí i nírun.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yin méjì lẹ fẹ́ lọ sí Òkú-Màlúù," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ó gbàdúrà. Ó fi táyà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó fi ejò onísaworo lé e lọ́wọ́, ó fi ọ̀nà lé e lọ́wọ́. Kò tíì débi ẹja nígbà tí Màmá Idonna dá sí i.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ sọ fún un kó so afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun ìní wa ló ń gbé kiri yẹn."

Marva fẹ́ bẹ pásítọ̀, ẹ̀rín ò jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan kan náà máa pa àwọn méjèèjì lẹ́rìn-ín pọ̀. Wọ́n pa àgọ́ tì, wọ́n gbà pé ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Dorrell tó ní ìborí làwọn á sùn. Màmá ní ibùsùn yàrá àlejò lòun máa sùn lé, kì í ṣe àpò ìsùn kankan, nítorí òun ò tíì kú tí wọ́n á fi máa rọ òun sínú àpò. Wọ́n ká ibùsùn àlejò sọ́kọ̀. Dorrell fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó gbé e mì.

Ó ku ẹja pípa. Lyle mú Marva lọ sí pápá ilé-ìwé kó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀. Marva ju àkọ́kọ́, ó há igi. Ó ju èkejì, ó há mọ́ ọn lára súwẹ́tà. Ó wá fi gbogbo agbára apá ilé ìdáná ju ẹ̀kẹta; ìwọ̀ náà fò lẹ́yìn rẹ̀, ó ká fìlà Lyle kúrò lórí, ó gbé e lọ sí àárín pápá. Orí Lyle, tí kò sí ẹni tó rí i láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ń dán yinrin nínú oòrùn.

"Mo ti pa ọ̀kan!" Marva kígbe. "Ó mà ti pá lórí!"

Nígbà tí ọjọ́ pé, Màmá Idonna ti jókòó sínú ọkọ̀ kí kọfí tó hó. Ó dé fìlà ńlá, ó gbé àga rẹ̀, ìgò ọtí wísíkì kan, àti ìbọn ọkọ rẹ̀ olóògbé dání nítorí ejò. Dorrell fi ọ̀pá méjì tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà.

"Bí òjò bá rọ̀, ẹ má ṣe kúrò lójú kan o! Amọ̀ ibẹ̀ ń gbé ọkọ̀ mì. Àti pé níbi géètì màlúù kejì, ọ̀tún ni kẹ́ ẹ yà, ọ̀tún!"

"Padà sílé," ìyá rẹ̀ wí. "Tòlótòló ń wò ẹ́."

Wọ́n rin ọ̀nà ọlọ́dà títí ó fi tán. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀nà òkúta, eruku ń tẹ̀ lé wọn bí ìrù. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n dé géètì màlúù kejì, Marva yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún.

"Òsì," Màmá wí.

"Dorrell ní ọ̀tún mà."

"Dorrell ń gba ẹ̀yìn òkè lọ bí aláìlójú. Òsì ló yá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ìyá náà tan sìgá, ó gbé ọwọ́ síta fèrèsé. "Ọ̀nà ilé-ìwé mi ni. Ẹṣin ni mo fi ń gbà á."

Marva tẹ bíréèkì, eruku tí ń lé wọn bọ̀ bá wọn, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀.

"Ilé-ìwé kẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Kí wọ́n tó mọ dáàmù, oko bàbá mi ni. Ìjọba ní àwọn nílò àfonífojì náà fún omi. Wọ́n fún bàbá mi lówó, ó fi mutí. Ìyẹn náà ni."

"Ọmọ yín mọ̀?"

"Kò bèèrè. Ọkùnrin ni. Ó mọ̀ pé mo wá láti ibì kan, ìyẹn sì tó o."

Marva yà sósì.

Nígbà tí wọ́n gorí òkè kékeré tó kẹ́yìn, omi náà yọ sí wọn nísàlẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán bí ìdérí ìkòkò tuntun láàárín ilẹ̀ tó gbẹ táútáú. Kò sí èèyàn kan. Àwọn ẹyẹ funfun ńláńlá kan ń léfòó lórí rẹ̀. Omi ti fà lóòótọ́. Amọ̀ funfun yí i ká bí òrùka. Marva pa ẹ́ńjìnnì. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń tutù.

Màmá Idonna sọ̀ kalẹ̀, ó tọ etí omi lọ, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wá ojúlé ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́.

"Ilé wa nìyẹn, lábẹ́ ibi tí ẹyẹ yẹn wà. Abà ẹṣin nìyẹn. Ibi tí akọ màlúù kan ti gbẹ̀mí mì tó fi di orúkọ gbogbo ilẹ̀ yìí nìyẹn. Àpáta pupa tí ọkọ rẹ máa ń fọ́nnu sí, ṣé o rí i?"

"Níbi tó ní ẹja pọ̀ sí jù?"

"Ibẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ wa ló wà nídìí rẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ń lò ó. Bàbá mi ò gbẹ́ ẹ jìn, ọ̀lẹ ni."

Marva wo omi. Ó wo àpáta. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń wọlé sí i díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ bàtà tó jò.

"Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ń jẹ ẹja mi?"

"Ẹja rẹ kọ́. Ẹja ìyàgbẹ́ bàbá mi."

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí! Mo rò pé ẹ kórìíra ọwọ́ mi ni!"

"Ọwọ́ rẹ kẹ̀?" Ẹnu ya ìyá náà. "Ta lo rò pé ó ń jẹ paì tó ń ṣẹ́ kù nínú fìríìjì? Ajá? Kí n tó wá sílé rẹ, aṣọ mi ń já bọ́ lára mi. Wò ó báyìí." Ó fa ìgbànú rẹ̀ hàn án. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó yípadà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n Marva ò sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bèèrè. O kàn ń dijú, o ń fi àwo lu ara wọn."

"Ẹ sì ń wo ọmọ yín tó ń jẹ ẹ́!"

"Ó ń dùn mọ́ ọn," Màmá Idonna wí. "Ṣé kí n wá ba adùn ọmọ mi jẹ́ ni?"

Inú kọ́kọ́ bí Marva. Ó bí i débi pé ó rìn lọ síbi ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà. Lẹ́yìn náà ó rántí ojú Dorrell bó ṣe máa ń lá egungun ẹja yẹn, tó máa ń ní kò sí ẹja tó dùn báyìí ní gbogbo Nevada, pé nǹkan kan wà nínú omi yẹn. Ẹ̀rín gbé e. Ó jókòó sínú amọ̀ gbígbẹ, ó di ikùn mú. Ìyá náà dúró tì í, ó ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, títí omijé fi da ojú wọn rú.

Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, Màmá bọ́ bàtà, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Láàárọ̀ ọjọ́ tá a kó kúrò, ìyá mi gbá ilé yẹn. Bàbá mi ń pariwo pé omi ló ń bọ̀ wá gbà á, kí lò ń gbálẹ̀ sí? Ìyá mi ò dúró. Ó gbá gbogbo yàrá, ó nu fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo bínú sí i nígbà yẹn. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú."

Marva gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kejì ló pa ẹja, kì í ṣe létí àpáta pupa o, ọrùn omi ni, níbi tí odò kékeré kan ti ń wọlé láti òkè. Ìgbà tí ẹja náà gbé ìwọ̀ mì, Marva rò pé òkúta ló há. Òkúta náà wá sáré. Ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ, Marva kígbe bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè.

"Má fà á! Jẹ́ kó lọ! Fà á! Èwo lò ń ṣe, òmùgọ̀ yìí, fà á!" Màmá Idonna ń pàṣẹ lórí àga.

"Èwo ni kí n ṣe?"

"Méjèèjì!"

Marva fà, ó yọ̀, ó fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, kò fi ọ̀pá sílẹ̀. Ó fi ìdí wọ́ sẹ́yìn títí ẹja náà fi gbókè, ó ń ta pàtìpàtì, ó gùn bí apá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ìrọ̀lẹ́. Ó dùbúlẹ̀ lé e lórí kó má baà sá. Lẹ́yìn náà ó dín in nínú páànù irin, ó bu díẹ̀ sáwo, ó gbé e síwájú ìyá ọkọ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ìyá náà wo òkè odò, ó wo àpáta pupa lọ́ọ̀ọ́kán, ó ṣírò bí omi ṣe ń ṣàn. Ó mú un, ó jẹ ẹ́, ó jẹun tán.

"Iyọ̀ rẹ̀ kéré," ó wí, ó sì na àwo fún òmíràn.

Òjò dé lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n padà. Ilẹ̀ funfun náà di ẹ̀kọ kíákíá. Marva fẹ́ gbìyànjú, Màmá ní kó jókòó. Wọ́n wọ abẹ́ ìborí ọkọ̀, wọ́n jókòó sórí ibùsùn àlejò, wọ́n ta káàdì, ìyá náà sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ni jẹ nídìí káàdì. Wọ́n mu wísíkì nínú ife kọfí. Marva sọ àwọn nǹkan kan nípa Dorrell tí kò yẹ kí ìyàwó sọ fún ìyá ọkọ. Ìyá náà ní, "Bí bàbá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn," ó sọ tirẹ̀, ìyẹn tún burú jù.

Lọ́jọ́ kejì, òjò dá. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ilẹ̀ dì, wọ́n gbéra. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá géètì màlúù kejì nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ kan tó rì dé ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi báńdéèjì wé yọ síta fèrèsé rẹ̀ bí ìbọn àgbá. Lyle dúró níwájú rẹ̀, ó fi amọ̀ bora láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló funfun.

"Ẹ má bẹ̀rù!" Dorrell kígbe látinú ọkọ̀. "A ti dé! A wá gbà yín là!"

"A dúpẹ́," ìyá rẹ̀ wí. "A ti bọ́. Ẹ kúrò lọ́nà ká kọjá."

"Màmá! Àná la ti wà níbí! A ò tíì jẹun!"

"Ẹ̀wà inú agolo yín ńkọ́?" Marva bèèrè.

"Lyle gbàgbé ìṣígolo."

Marva sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ṣéènì. Ó so ó mọ́ ọkọ̀ wọn fúnra rẹ̀, ó ní kí Lyle máa tì, ó padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó fi jíà tó lágbára jù rọra fà. Ọkọ̀ náà kùn, ó mì, ó jáde nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ariwo kan tí Màmá Idonna fi wé ohun tí mi ò ní sọ níbí. Lyle ṣubú dojú bolẹ̀ síbi tí ọkọ̀ ti kúrò. Dorrell ń wo ìyàwó rẹ̀ látojú fèrèsé: ó jóná nímú, amọ̀ wà nírun rẹ̀, sìgá ìyá rẹ̀ wà lẹ́tí rẹ̀.

"Marva," ó wí, "ṣé ara rẹ dá?"

"Ara mi ò dá báyìí rí. Gbé ẹsẹ̀ rẹ wọlé."

Lẹ́yìn tí yìnyín yọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwòrán ilẹ̀ tún wà lórí tábìlì oúnjẹ, Marva ló sì jókòó sídìí rẹ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ Màmá Idonna bóyá wọ́n á jọ lọ. Ìyá náà gbọn eérú sìgá sínú òdòdó Marva.

"Mo ti rí i. Ó tó. Mú ọmọ mi lọ, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà sósì."

Ni Marva àti Dorrell bá jọ lọ. Wọ́n jà láti Kobler dé Òkú-Màlúù lórí ọ̀nà, lórí ọwọ́ ọkọ̀, lórí ṣọ́bìrì, nítorí Marva ti ra tuntun, ó sì ti fi ọ̀dà kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí i léèkù. Wọ́n lo gbogbo ọ̀sẹ̀ náà níbẹ̀.